Ìkòkò Kan Ṣì Lè Bọ́ Gbogbo Ilé: Èsì sí Lẹ́tà Lórí Oúnjẹ Àjọjẹ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé gègé. Ẹni tó kọ ọ́ ní bí èèyàn mélòó kan bá jọ ń gbé, tí ọ̀kan ò jẹran, tí òmíràn ò jata, tí dókítà ti ní kí ẹlòmíràn má fẹnu kan àwọn nǹkan kan, kí oníkálukú yáa máa gbé ìkòkò tirẹ̀ kaná kí àlàáfíà lè wà. Ó ní oúnjẹ àjọjẹ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìjà ní ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ilé èèyàn mẹ́fà ni mò ń gbé, a ò bára wa tan, iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ló kó wa jọ, èmi ni mo sì máa ń dáná jù. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, mo sì mọ ohun tí ilé ń pàdánù nígbà tí oníkálukú bá ń ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ jẹun.

Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù láàárín wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ ò gbọdọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Àbúrò kan wà tí kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, ṣùgbọ́n tó ń jẹ ẹyin, tó sì ń mu wàrà. Mùsùlùmí ni ẹnìkan, kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹran tí wọn ò bá sì pa ní ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀, kò ní fẹnu kàn án. Ọ̀kan wà tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà. Ẹni karùn-ún ò ní èèwọ̀ kankan, ata ṣáá ló ń wá, kó máa ta á títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ẹran, mi ò sì ṣetán láti fi í sílẹ̀.

Ibi tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ti ṣìnà lójú tèmi ni pé ó da gbogbo èyí pọ̀ mọ́ra, ó pè é ní wàhálà ẹnu. Ohun tí ara kọ̀ àti ohun tí ahọ́n kọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí a bá ti lè ya èyí tó lè pa èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò kàn wù ú jẹ, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ kọ nǹkan ni ìkòkò àjọjẹ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kù, orí tábìlì la ti ń parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀pà ṣàlàyé. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ọ́, èyí tó kéré gan-an lè dá a dùbúlẹ̀: ètè á wú, ọ̀fun á wú, èémí ò ní lọ geere mọ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀. Bí wọn ò bá tètè gún un lábẹ́rẹ́ adirẹnálíìnì sí itan, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó lè gba ibẹ̀ kú. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀jẹun ni wọ́n ń bá wí, àmọ́ mi ò lè gbé àwo síwájú ẹni yìí kí òwe yẹn má sọ sí mi lọ́kàn. Iná ò sì gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀pà. Bí a sun ún, bí a dín in, bí a sè é, ohun tó ń bá ara jà nínú rẹ̀ kì í tán níbẹ̀. Ó ń wà nínú òróró tí a fi dín in, á sì bá òróró náà lọ sínú ohun mìíràn tí a bá tún fi dín. Ó ń lẹ̀ mọ́ ìgbakọ, ó ń wọnú ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gé lára pátákó. Ọṣẹ àti omi ń fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́. Oje apakòkòrò tí àwọn èèyàn ń fi ra ọwọ́ ò lè ṣe é ní nǹkan kan, torí kòkòrò ni wọ́n ṣe é fún.

Nítorí náà ẹ̀pà kì í wọ ilé ìdáná wa. Ẹni tó ń wá ata yẹn fẹ́ràn ẹ̀pà púpọ̀. Ìta ló ti ń jẹ ẹ́, á fọ ọwọ́ àti ẹnu kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé. Gbogbo wa la mọ ibi tí abẹ́rẹ́ yẹn wà, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń gún un. Bí mo bá ra ohun tó wà nínú páálí tàbí ọ̀rá, mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára tán, títí kan èyí tí mo ti ń rà tipẹ́, torí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń pààrọ̀ èròjà láìpariwo. Ẹni tí kò ní irú rẹ̀ nílé lè rò pé a ti ń ṣe àṣejù. Kó wá wo bí ẹni yẹn ṣe ń jẹun lọ́dọ̀ wa, tí kò ní láti máa fi ṣíbí tú oúnjẹ wò, tí kò ní láti bi mí ní ìbéèrè kankan.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ara kọ̀ ló le tó bẹ́ẹ̀ o. Àìmọye àgbàlagbà ni wàrà máa ń dà nínú rú, torí ara wọn ò pèsè ohun tó ń da ṣúgà inú wàrà tó mọ́. Inú á kùn, á sì máa yà wọ́n, àmọ́ kò ní pa wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ló sì lè mu díẹ̀. Ti àlìkámà tún yàtọ̀. Ẹni tó bá ní àrùn tí wọ́n ń pè ní coeliac, èérún búrẹ́dì lásán ń ba ìfun rẹ̀ jẹ́, bí ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ fi hàn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń dáná gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ara, kó má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ti ẹ̀rí ọkàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú tín-ín-rín, ó sì máa ń bí mi nínú. Àlejò kan bu omi ẹran sí ẹ̀fọ́ tí a sè fún àbúrò wa, ó ní kò kúkú ní rí ẹran níbẹ̀. Omi ẹran, ẹran ni. Ọ̀rá ẹran, ẹran ni. Gelatin tó ń mú kí àwọn súìtì kan rọ̀, awọ àti egungun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe é; bí páálí rẹ̀ ò bá sì sọ ẹran tó ti wá, Mùsùlùmí ilé wa náà ò ní jẹ ẹ́. Kí a fi nǹkan pamọ́ sínú oúnjẹ ẹni kó lè jẹ ẹ́ láìmọ̀, kí a wá máa fi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó ti gbé e mì, ìwà ìkà ni. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ jẹun lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é mọ́. Mo ní kí àlejò náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún àbúrò wa ká tó jókòó. Ó sọ ọ́, mo sì dín ẹyin fún un.

Ọ̀rọ̀ ahọ́n ló wá kù. Òun ló rọrùn jù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dá ìjà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Màá gbé ìrẹsì kaná láìfi iyọ̀ sí i. Màá rẹ́ àlùbọ́sà sínú òróró lórí iná tí kò pọ̀, títí á fi rọ̀, tí etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí n tó da tòmátì àti tàtàṣé tí mo ti lọ̀ lé e. Màá jẹ́ kó dín títí òróró á fi yọ sójú, tí kíkan tòmátì á lọ. Aáyù, atalẹ̀ àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ ló ń bá mi gbé adùn rẹ̀ ró kí àìsí iyọ̀ má baà hàn. Ẹ̀wà tó ti jinná á wá wọnú rẹ̀. Ọbẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí kò lè jẹ ẹ́ nínú wa. Ẹran wà nínú ìkòkò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà ní ìgbakọ tirẹ̀, ọ̀dọ̀ alápatà tí Mùsùlùmí wa fọwọ́ sí ni mo sì ti ń rà á, torí ẹran kan náà lè tó gbogbo àwa tó ń jẹran. Ata wà nínú abọ́ tirẹ̀, mo ti dín in nínú òróró. Inú ọ̀rá àti òróró ni títa ata máa ń yòrò sí, kì í yòrò sínú omi, nítorí náà ṣíbí kan rẹ̀ ti tó láti kárí àwo. Ìdí kan náà ni omi tútù kì í fi í pa ata lẹ́nu, tí wàrà sì ń pa á.

Iyọ̀ wà lórí tábìlì fún ẹni tó bá fẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì kan péré, èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti ohun inú agolo sì wà lára rẹ̀. Èròjà amọ́bẹ̀dùn tí a ń fọ́ sínú ọbẹ̀, iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó fọ́ ọ síkòkò tó tún bu iyọ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ló fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Àwa tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́kọ́ ń ráhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó mọ́ wa lára, oúnjẹ ìta wá di oníyọ̀ lẹ́nu wa.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń sè fún ẹni tí kò jẹran ṣọ́ra fún ẹ̀wà pupa ńlá, èyí tó rí bíi kíndìnrín. Májèlé wà nínú rẹ̀ bí kò bá jinná. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ bu omíràn, kí ẹ sì jẹ́ kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán kí ẹ tó dín iná kù. Ìkòkò oníná mànàmáná tó ń sè díẹ̀díẹ̀ lè má gbóná tó láti pa májèlé náà. Ìrẹsì tí a bá sì fi sílẹ̀ de ẹni tó máa pẹ́ dé, kò gbọdọ̀ wà lórí tábìlì ju wákàtí 2 lọ kó tó wọ fíríìjì. Kòkòrò kan wà tí sísè kì í pa tán, tó máa ń tu májèlé sínú ìrẹsì tó bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, kíkó o padà sórí iná ò sì ní mú májèlé yẹn kúrò.

Ti owó ò gba àlàyé púpọ̀: gbogbo wa ń dá owó ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró àti ẹ̀fọ́, àwa tó ń jẹran la ń dá owó ẹran. Ẹni tí kò bá dáná ló ń fọ abọ́. Ẹnu dùn ún ròfọ́, nítorí náà ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ kí n yí padà, kó sọ ọ́ kí n tó gbé ìkòkò kaná; bí ọbẹ̀ bá ti wọ àwo, mi ò gba ẹjọ́ mọ́.

Mo gbà pé àwọn ilé kan wà tí ìmọ̀ràn òǹkàwé yẹn bá mu. Bí àwọn tí a jọ ń gbé ò bá ka ohun tó lè pa wá sí, tí ọ̀bẹ tí wọ́n kì bọ inú ìgò ẹ̀pà lílọ̀ ni wọ́n tún fi ń fá bọ́tà, kí èèyàn gbé ìkòkò tirẹ̀ kaná kó sì ti kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá ń dá jẹun lójoojúmọ́ nítorí àìsàn rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti yọ òun sọ́tọ̀, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn á máa se tàwọn lọ́tọ̀ kí àwọn má baà ni wá lára. A kọ̀ fún wọn. Ọbẹ̀ wa la yí padà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ yín, Olóòtú, kò ní ná yín ní nǹkan kan. Ojú ewé oúnjẹ yín dára, mo máa ń gé e pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n máa kọ ọ́ sókè, kó tó kan bí a ṣe ń sè é, bí oúnjẹ náà bá ní ẹ̀pà, wàrà, ẹyin, ẹja, sóyà, àlìkámà tàbí yànmọ̀tí nínú. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ 14 tí ẹni tó ń ta oúnjẹ gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà. 9 ni ti Amẹ́ríkà, láti ọdún 2023 ni òfin yànmọ̀tí sì ti mú àwọn ilé iṣẹ́ níbẹ̀. Kí wọ́n tún máa sọ ibi tí a ti lè bu ti ẹni tí kò jẹran kúrò kí ẹran tó wọnú ìkòkò. Nínú èyí tó jáde kẹ́yìn, ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ti dárúkọ ẹ̀pà lílọ̀, nígbà tí èèyàn á ti gé gbogbo nǹkan tán, tí òróró á ti gbóná.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Adáná ilé èèyàn mẹ́fà