Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Ìbílẹ̀: Ẹ Fún Wa Ní Ààyè Ìpàtẹ Létí Èbúté Àgbádárìgì

Sí Ọlọ́lá, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àgbádárìgì, àti gbogbo ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ wa,

Láti ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ayàwòrán àti òǹtàwé ìlú yìí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, a kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Ọlọ́run yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìkíni, ohun kan ṣoṣo ló gbé wa dìde. Àwọn àlejò ń wá sí Àgbádárìgì, wọ́n sì ń padà lọ láìra ohunkóhun tí ọwọ́ ọmọ ìlú ṣe. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ ya ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún wa létí èbúté, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Gberefu, erékùṣù tó wà ní òdìkejì ọ̀sà, kí a lè máa pàtẹ síbẹ̀. Gbogbo ohun tó kù tí a ó sọ, orí èyí ló dúró lé.

Ẹ̀yin náà mọ bí àlejò ṣe ń rìn nílùú wa. Mọ́tò á dé láàárọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú tíṣà wọn, tàbí kó jẹ́ àwọn ọmọ wa tó wálé láti Amẹ́ríkà àti Brasil. Wọ́n á yà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1845. Wọ́n á dé ibi tí igi Agia wà rí, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere nílùú wa ní 1842. Wọ́n á wọ agboolé Seriki Williams Abass, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brasil kó tó padà wá di olówó níbí, wọ́n á yọjú wo yàrá tóóró tí wọ́n ti ń há àwọn ẹrú mọ́ láyé àtijọ́. Wọ́n á gba Ọjà Vlekete, ọjà ẹrú àtijọ́, kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà, wọ́n á rin yanrìn Gberefu dé ibi kànga tí wọ́n ti ń fún àwọn ẹrú lómi mu, wọ́n á sì dé etí òkun níbi tí àwọn ẹrú ti ń lọ ní àlọ ìdágbére. Bí wọ́n bá fi padà sí èbúté, ó ti rẹ̀ wọ́n, oòrùn ti ń lọ sílé, dírẹ́bà sì ti ń fọn fèrè nítorí gosíló ojú ọ̀nà Èkó. Ẹni tó ti ní in lọ́kàn láti ra ẹ̀bùn fún ìyá rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò yà sí. Bẹ́ẹ̀ àwa náà wà. Ẹlòmíràn nínú wa ń tajà lójúlé ara rẹ̀ nínú kọ̀rọ̀, ẹlòmíràn dúró sábẹ́ agboòrùn tí atẹ́gùn ọ̀sà ń gbé kiri, àwọn ìyá tó ń hun ẹní sì wà ní abúlé tí mọ́tò àlejò kì í dé rárá.

Ohun tí àlejò wá ń rí rà ni ẹ̀gbà ọwọ́ oníke àti ohun ìfikọ́kọ́rọ́ tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun, tí wọ́n kọ orúkọ Áfíríkà sí lára. A kò bínú sí ẹni tó ń tà á, òun náà ń wá oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó ń dùn wá dọ́kàn pé ènìyàn yóò sunkún létí òkun wa, yóò sì mú ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde nílẹ̀ àjèjì lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ìrántí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ hàn yín nínú iṣẹ́ wa, kí ẹ lè mọ ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Àgbọn ló mọ ilẹ̀ wa jù. Èèpo líle rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń dà sí ààtàn, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa máa ń ṣà á jọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń se òróró àgbọn. Yóò fi ọ̀bẹ ha irun ara rẹ̀ kúrò, yóò fi ayùn là á, yóò wá jókòó ti sáńpépà, èyí tó le ṣáájú, èyí tó rọ̀ tẹ̀lé e, títí ara èèpo náà yóò fi máa dán, tí ìlà pupa inú dúdú rẹ̀ yóò jáde. Òróró àgbọn náà ló fi ń pa á lára kẹ́yìn. Abọ́, ṣíbí, yẹtí àti bọ́tìnnì ló ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá di ọ̀kan mú lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́.

Sàǹgbétò kékeré náà wà níbẹ̀, àwòrán eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru, èyí tí a ń fi ìko ṣe. A gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn àgbà Ògù, ẹ̀yà tí a jọ ń gbé ìlú yìí, tó ni Sàǹgbétò kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, nítorí kì í ṣe ohun eré. A ó ya ìko náà wẹ́wẹ́, a ó sá a sóòrùn, a ó pa apá kan láró, a ó wá máa so ó ní ìpele ìpele láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí dé ṣónṣó orí. Bí ẹ bá fi ọwọ́ yí i, ìko rẹ̀ yóò fẹ̀, yóò sì máa yí bírí bírí bí ti àgbà rẹ̀ lójú agbo. Àwọn ìyá wa ń fi koríko tí wọ́n gé létí omi hun ẹní. Àwọn ayàwòrán wa ń ya ilé àtijọ́ tó ń wó lọ, àwọn ilé tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé inú àwòrán nìkan ni ọmọ wa yóò ti rí wọn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn, a ó sì dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ kì í ka ìwé mọ́ ohun tí àlejò ń rà. Samuel Ajayi Crowther gbé ní Àgbádárìgì láti 1845 sí 1846, kí ọ̀nà tó là fún un láti kọjá sí Abẹ́òkúta. Níbí ló ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́ sí Yorùbá. Ìlú tí ìwé èdè wa ti bá ọ̀nà wọlé rèé, síbẹ̀ àlejò yóò bi afinimọ̀nà léèrè pé, "Níbo ni mo ti lè rí ìwé tó sọ gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí?" afinimọ̀nà á kàn mi orí ni. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n kọ ìtàn agboolé àti ìtàn oyè sílẹ̀, tí wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì tẹ̀ ẹ́, tí páálí ìwé náà sì wà lábẹ́ ibùsùn wọn títí di òní. Ìwé kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní èdè Ògù ṣọ̀wọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìsọ̀ kan péré létí èbúté, tí kò ní ta ohun mìíràn ju ìwé lọ, yóò gbé àwọn páálí wọ̀nyẹn jáde síta.

Ohun kan tún wà tí ń lé oníbàárà sá, tí ẹni tí kò tajà níbí lè má fura sí. Nítorí pé ọ̀nà wa ló lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà pọ̀ gan-an, wọ́n a sì máa tú ẹrù. Àlejò tó ra aṣọ tàbí ẹní mẹ́ta lọ́wọ́ wa yóò máa ṣe àlàyé fún wọn pé òun kò kó o wá láti òdìkejì ibodè. Oníbàárà kan tó máa ń ra ẹní lọ́pọ̀ láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé sọ fún wa pé òun kò tún wá mọ́, nítorí wàhálà yìí. A ń bẹ̀ yín kí ẹ bá wa tẹ rìsíìtì tó ní òǹtẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀, tí yóò sọ pé Àgbádárìgì ni wọ́n ti ṣe ọjà náà, orúkọ ẹni tó ṣe é, àti ọjọ́ tí a tà á. Kí ẹ sì bá wa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà, kí ojú wọn lè mọ̀ ọ́n.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn kan a máa wá lójúmọ́, wọ́n á já tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ó tó di ọ̀sán àwọn mìíràn á dé pẹ̀lú àwọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn, a kì í sì í mọ ẹni tó rán wọn. A kò kọ̀ láti san owó. Ẹ sọ iye tó tọ́ fún wa, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, sínú àpò ìjọba ìbílẹ̀ ní báńkì, kí ẹnikẹ́ni má sì tún gba òmíràn lọ́wọ́ wa.

Ohun tí à ń béèrè kò ṣàjèjì. Ẹni tó bá dé Abẹ́òkúta tó fẹ́ àdìrẹ, Ìtókú ni wọn yóò júwe fún un. Ẹni tó fẹ́ òfì mọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ẹni tó fẹ́ igbá fínfín mọ Ọ̀yọ́. Lórí omi Ganvié ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ìbátan àwọn Ògù wa wà, ọkọ̀ tó gbé àlejò máa ń yà síbi tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọwọ́ kó tó dá wọn padà sí èbúté. Ilẹ̀ wa lókìkí tó bẹ́ẹ̀, kò kàn ní ibi ìyà sí ni.

Agbára rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi ìdásílẹ̀ àti ìtọ́jú ọjà sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fi àmójútó ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ sí i. Ní oṣù July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ọmọ tó káwọ́ sókè ló fẹ́ kí a gbé òun. Àwa ti káwọ́ sókè báyìí.

Ìsọ̀ 20 ti tó wa láti bẹ̀rẹ̀. Kó jẹ́ onípákó, pẹ̀lú páànù tí òjò kò ní jo, nítorí omi ni ọ̀tá ìwé àti ìko. A fẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tí àlejò náà lè lò, àti iná díẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́. Inú wa yóò dùn bí ẹ bá lè bá ẹgbẹ́ àwọn afinimọ̀nà àti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa fi ààbọ̀ wákàtí sílẹ̀ fún ọjà nínú ètò ìrìn àlejò, kó tó di pé dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè.

Ẹ̀rù kan ń bà wá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta. Bí ìsọ̀ bá ti dára tán, olówó lè wá rà á mọ́ wa lórí, kó tún fi ọjà oníke kún inú rẹ̀. Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ó wà lákọsílẹ̀ pé ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, tàbí tó ń ta ìwé ìlú yìí, nìkan ni yóò gba ìsọ̀, pé kò gbọdọ̀ tà á tàbí kó fi háyà, àti pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìsọ̀ náà, ó kéré tán, yóò jẹ́ ti àwọn ìyá abúlé tó ń hun ẹní. Wọ́n lè máa gbà á ní ìkọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ògù àti Yorùbá ni yóò jọ jókòó síbẹ̀, bí a ṣe jọ jókòó nínú ẹgbẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, a ṣe ìlérí pé a ó máa gbálẹ̀ èbúté láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a ó kọ iye owó sára ọjà kí a má baà máa yọ àlejò lẹ́nu, a kò ní máa sá tẹ̀lé ènìyàn lọ sínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ta ayédèrú nínú wa, ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un, bó bá tún ṣe é, yóò kúrò nínú ìsọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọjọ́ fún wa kí a wá rí yín. Àwọn aṣojú wa yóò mú àwòrán ibi tí a ń béèrè wá, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe. Bí ó bá sì wù yín láti rìn dé èbúté fúnra yín ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àlejò bá pọ̀, a ó wà níbẹ̀ láti pàdé yín.

Àwa ọmọ yín,

Alága ẹgbẹ́
Akọ̀wé ẹgbẹ́
Ìyá ẹgbẹ́, fún àwọn ahunní
Aṣojú àwọn òǹtàwé