Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí Pajero tó ń mu epo jù

Kétu

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o, o kú ìnáwó. Mo ka ohun tó o kọ nípa Pajero yẹn, pé ẹnu rẹ̀ kì í kúrò nídìí epo, àti pé mẹkáníìkì ní kó o lọ ra sonde tuntun (ohun tó ń yẹ èéfín wò fún kọ̀ǹpútà), àwọn ẹnu tó ń fọ́n epo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Má tíì ra nǹkan kan. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ nǹkan kó tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, owó ẹlòmíràn ló fi ń kọ́ṣẹ́.

Kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná. Lọ sí ilé epo kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí wọ́n rọ ẹ̀sáǹsì kún táńkì títí ẹ̀rọ á fi dá dúró fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Má jẹ́ kí wọ́n tún fún un lé e. Kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀. Wa ọkọ̀ bó o ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀, kó o padà síbi ẹ̀rọ kan náà, kí wọ́n rọ ọ́ kún bákan náà. Fi kìlómítà tó o rìn pín iye lítà tó wọlé, kó o wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bí 62 lítà bá wọlé lẹ́yìn 380 km, 16.3 lítà ló ń mu lórí 100 km. Ṣe é ní táńkì mẹ́ta, nítorí ẹyọ kan máa ń purọ́. Kpayo, ẹ̀sáǹsì Nàìjíríà tí wọ́n ń tà létí ọ̀nà, ò ṣeé fi wọn nǹkan: ìgò etí ọ̀nà kì í fi gbogbo ìgbà pé, ọkọ̀ á wá máa jẹ̀bi ohun tí ìgò jẹ.

Wo ara táyà pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ 265/70R15 ni wọ́n kọ sórí ìwé tó wà létí ilẹ̀kùn awakọ̀, tó sì jẹ́ pé 31x10.5R15 lẹni tó tà á fún ọ fi sí i kó lè dà bí ọkọ̀ ológun, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn ti tóbi jù. Nígbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ka 100 km, o ti rìn tó 104. Apá kan ohun tó ò ń rojọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ìṣirò lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà tó wúwo náà ń jẹ epo tirẹ̀.

Má retí ohun tí kò sí o. Ọkọ̀ V6 (ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà) onílítà mẹ́ta ti ọdún 1990 sókè, tó wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì, tí iwájú rẹ̀ dúró gbọnrangandan sí afẹ́fẹ́, kò lè mu lítà mẹ́jọ péré lórí 100 km láéláé. Bó bá mu 13 tàbí 14 lọ́nà jíjìn, àti 16 tàbí 17 nínú ìlú, ara rẹ̀ dá. Bó bá ń kọjá 18 lọ́nà tó dán, àìsàn wà níbì kan.

Tẹ́mósítáàtì ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Ìlẹ̀kùn kékeré ni, níbi tí rọ́bà ńlá rédíétọ̀ ti kan ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń tì pa títí omi á fi gbóná tó nǹkan bí 82°C, kó tó ṣí kí omi lè lọ tutù. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti yọ ọ́ sọnù. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ yìnyín, kí la fẹ́ fi ṣe? Lóòótọ́, kò ní gbóná jù mọ́, àmọ́ kò ní gbóná tó mọ́ náà. Ìgbóná omi yìí ni kọ̀ǹpútà ń wò kó tó mọ iye epo tó máa fọ́n. Bó bá rí i pé omi ò kọjá 60, á gbà pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀ ni, á sì máa fi epo kún epo láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, ọ̀nà tó lé ní 100 km. Ẹ̀sáǹsì àjẹṣẹ́kù yẹn á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà, á sì máa ro sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, kó o gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn ẹ̀sáǹsì, ìdáhùn dé.

Wo ọwọ́ ìgbóná lójú dáṣíbọ́ọ̀dù náà. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú ọ̀nà, ó yẹ kó dúró sítòsí àárín, kó má sì kúrò níbẹ̀. Bó bá ń gòkè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bó o bá ti ń sáré kọjá Ṣàkẹ́tẹ́, tẹ́mósítáàtì ò sí níbẹ̀, tàbí kó ti há ní ṣíṣí. Ra tuntun àti rọ́bà ìdí rẹ̀. Kí wọ́n tó dè é, fi okùn gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná: ó gbọ́dọ̀ ṣí kí omi tó hó, kó sì tún tì bó bá tutù. Ihò kékeré etí rẹ̀ ni kó kọjú sókè kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà jáde. Bí ọkọ̀ bá wá ń gbóná jù lẹ́yìn náà, rédíétọ̀ ló dí, tàbí fáànù ni kò yí tó. Ohun tí wọ́n sá fún nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́.

Nítòsí ibẹ̀ náà ni ohun tó ń sọ ìgbóná omi fún kọ̀ǹpútà wà. Kì í ṣe òun ló ń gbé ọwọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí náà dáṣíbọ́ọ̀dù lè máa sọ òótọ́ kí kọ̀ǹpútà máa gbọ́ irọ́. Oníṣẹ́ iná tó ní mítà lè yẹ̀ ẹ́ wò: nǹkan bí 2,400 ohm nínú omi 20°C, nǹkan bí 300 nínú omi 80°C. Bó bá jìnnà sí èyí, pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ. Ní ti sonde lambda, ní kí wọ́n fi hàn ọ́ lára ọ̀pá èéfín ná. Ọ̀pọ̀ Pajero tí wọ́n ṣe fún àwọn ilẹ̀ tó ṣì ń lo epo olójé nígbà yẹn kò ní in rárá. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa pààrọ̀ ohun tí kò sí.

Bíréèkì ló tẹ̀ lé e. Bó o bá ti rìn tó 15 km, jẹ́ kí ọkọ̀ rọra dúró láìtẹ bíréèkì púpọ̀, sọ̀ kalẹ̀, kó o na ẹ̀yìn ọwọ́ sí rímù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ ń fà. Eruku pupa àti ẹrẹ̀ ló máa ń wọ ibi ìṣó tí kálípà, irin tó ń fún pádì mọ́ dísíkì, fi ń sún, á dípẹtà, pádì ò sì ní kúrò lára dísíkì mọ́. Ọkọ̀ tó ń rìn báyìí dà bí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ tí ọmọ ń fà á lẹ́yìn. Kí wọ́n tú ìṣó náà, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi gíríìsì bíréèkì sí i. Gíríìsì lásán máa ń mú rọ́bà wú. Kí wọ́n wo okùn bíréèkì ọwọ́ náà.

Ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ jíà: 2H, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì nìkan ń fa ọkọ̀, ni kó wà lórí ọ̀dà. Ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí nígbà òjò ni 4HLc àti 4LLc, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà pọ̀, wà fún. Bó o bá fi wọ́n rìn lórí ọ̀dà tó gbẹ, ẹsẹ̀ iwájú á máa bá ti ẹ̀yìn jà, epo lá máa sanwó ìjà, jíà lá máa gba ẹ̀ṣẹ́. Bó o bá ti padà sí 2H tí iná ẹsẹ̀ iwájú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ṣì ń ṣẹ́jú, ìdí iwájú ò tíì tú sílẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa afẹ́fẹ́ fún un ló sábà máa ń là. Bí tìrẹ bá sì jẹ́ jíà tó ń yí fúnra rẹ̀, wò ó bóyá O/D OFF ń tàn. Bọ́tìnnì ara ọ̀pá jíà ni ọwọ́ máa ń ṣèèṣì tẹ̀, jíà kẹrin ò sì ní wọlé mọ́.

Tú bùjí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà. Àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ dára. Bí gbogbo wọn bá dúdú tí wọ́n gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ jù, padà sórí ọ̀rọ̀ ìgbóná omi. Bí ẹyọ kan bá dúdú, wáyà rẹ̀ tàbí ẹnu epo tirẹ̀ ni. Àlàfo ẹnu wọn, 1.0 sí 1.1 mm. Fílítà afẹ́fẹ́, pààrọ̀ rẹ̀ bó bá dọ̀tí, àmọ́ nínú ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà, agbára ló máa dá padà ju epo lọ. Afẹ́fẹ́ táyà, bí ìwé etí ilẹ̀kùn ṣe wí, láàárọ̀ kí táyà tó gbóná.

Ẹsẹ̀ tìrẹ náà ńkọ́? Láàárín 90 àti 110 km lórí wákàtí, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ ń fi bí ìdajì pọ̀ sí i. Irin ẹrù orí ọkọ̀ tí o kì í lò, tú u.

Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo, kpayo kì í ṣe ohun pọ́ọ́kú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá di dandan kó o rà á, da díẹ̀ sínú ìgò funfun, jẹ́ kó tòrò: omi á wà nísàlẹ̀. Kán ẹ̀kán kan sórí pépà: ẹ̀sáǹsì gidi á gbẹ, kẹrosíìnì á fi ọ̀rá sílẹ̀. Àmọ́ má gbé bídọ̀n kankan sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Iná ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sèmè-Kraké, ní 23 oṣù kẹsàn-án 2023, pa ènìyàn tó lé ní 30.

Fi nọ́ńbà táńkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi, àti fọ́tò bùjí. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Ìyá rẹ