Sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Ẹ Fẹ́ Gboyè Ọ̀mọ̀wé Nínú Tíátà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Láàárín oṣù méjì, ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ti wá jókòó sórí àga kan náà nínú pálọ̀ mi, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ sì gbé wá. Ẹ fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú tíátà, ṣùgbọ́n ẹ ò fẹ́ kó mọ sórí tíátà nìkan. Ọ̀kan fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ìtàn kún un, ọ̀kan fẹ́ fi ìmọ̀ ìlera kún un. Ẹ̀kẹta ò tíì mọ èyí tó fẹ́ fi kún un, ó ṣáà gbọ́ pé irú ẹ̀ ni wọ́n ń fún lówó ní Amẹ́ríkà. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n ò bá a wí. Ta ni ò mọ iyì owó?

Ohun tí mo sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́ ní gbangba: ẹ má tíì mú ẹ̀kọ́ méjì nígbà tí ẹ ò tíì ní ìbéèrè kan.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí òun pè ní Katunga. Wọ́n ṣeré fún un ní ààfin, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀. Àwọn eléré kọ́kọ́ jáde nínú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń ta kìtì. Lẹ́yìn náà ni òjòlá ńlá kan yọ. Nígbà tó di ìran kẹta, nǹkan funfun kan bí ère ìda bọ́ sójú agbo. Òyìnbó ni! Ó gbẹ, òtútù ń mú un, ó ń fín aṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn èrò ń wo Clapperton lójú, wọ́n ń bi í bóyá eré náà dára. Òun náà gbà pé eléré yẹn mọ̀ ọ́n ṣe.

Ta ló máa wá ka ojú ìwé yẹn fún wa? Ẹni tó ka tíátà nìkan á rí ìran mẹ́ta. Onítàn á rántí pé ogun ti ń sún mọ́ Ọ̀yọ́ nígbà yẹn, á béèrè ìdí tí ààfin fi ń ṣeré. Ọmọ ìdílé apidán á ní idán àwọn ni òjòlá, kì í ṣe ejò. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti dùn mọ́ mi jù nìyí: Clapperton ní láàárín ìran kan sí èkejì, àwọn ayaba ń dárin, ogunlọ́gọ̀ èrò sì ń gbè é. Ó kọ pé wọ́n kọrin. Kò kọ ohun tí wọ́n wí, nítorí kò gbédè. Orin wo ni? Ṣé wọ́n ń bu òyìnbó ni àbí wọ́n ń ki Aláàfin? Ẹni tó bá fẹ́ wá orin yẹn rí á dé ọ̀dọ̀ onílù, á dé agbo eégún níbi tí wọ́n ti ń pe ẹ̀ṣà, á dé yàrá ìwé àtijọ́. Irú ìbéèrè báyìí ló ń lé èèyàn kúrò ní ẹ̀ka kan. Kì í ṣe pé ó kàn wu èèyàn láti ṣe méjì pọ̀.

Àwọn kan ti rin ọ̀nà yìí. Joel Adédèjì gba ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn ní 1969 lórí eré alárìnjó, ìyẹn eré àwọn eléégún tó ń ṣeré kiri láti ìlú dé ìlú, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ eré tó wà níbẹ̀ ò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe tirẹ̀ ní Ifẹ̀ lórí oríkì ní ìlú Òkukù; nígbà tó yá ó tẹ̀lé ẹgbẹ́ eléré Oyin Adéjọbí káàkiri, òun fúnra rẹ̀ gun orí ìtàgé. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tí ò gun orí ìtàgé rí tó ń kọ̀wé lórí tíátà, ìfura ni mo fi máa ń kà á.

Èmi náà ṣe tèmi, ojú mi sì rí nǹkan. Kóòtù ni mo fi kún tíátà: aṣọ dúdú, wíìgì, “Olúwa mi”, gbogbo rẹ̀ ń jọ mí lójú bí eré. Mo ka ìwé òfin mẹ́ta, mo rò pé mo ti di lọ́yà. Orí kẹta iṣẹ́ mi dá lórí ẹjọ́ olè kan. Mo ní ẹni tí wọ́n jà lólè ni olórí òṣèré, torí òun ló pẹjọ́. Lọ́jọ́ tí mo wá gbèjà iṣẹ́ mi ní yunifásítì, amòfin kan wà lára àwọn olùdánwò. Ó rọra bi mí pé, “Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ta ló ń pẹjọ́?” Mo ní ẹni tí wọ́n jà lólè. Ó ní rárá o, ìjọba ni; pé ẹni tí mo ń pè ní olórí òṣèré yẹn, ẹlẹ́rìí lásán ni, á sọ tẹnu rẹ̀, á bọ́ sílẹ̀. Odidi ojú ìwé 42 nínú iṣẹ́ mi ló wó lulẹ̀ níṣojú mi. Wọ́n dá mi padà fún oṣù 14 gbáko. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ì bá ti sọ ọ́ fún mi, ká ní mo jókòó tì í. Nítorí náà, ẹ lọ jókòó sí kíláàsì àwọn tó ni ẹ̀kọ́ kejì tẹ́ ẹ fẹ́ fi kún tíátà fún odidi ọdún kan, kẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wọn.

Ọ̀rọ̀ alábòójútó, ìyẹn olùkọ́ tó máa tọ́ yín sọ́nà nínú iṣẹ́ yín, ò gùn. Bó bá jẹ́ méjì ni wọ́n máa fún yín, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, kẹ́ ẹ sì mọ ẹni tí tirẹ̀ máa ṣẹ bí wọn ò bá fẹnu kò. Orí kan nínú iṣẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọ́fíìsì méjì ti jẹ ọdún lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ti Amẹ́ríkà: irú ètò yìí gan-an wà ní Yunifásítì Northwestern, ní Evanston lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Ilé ìkàwé Herskovits tó wà níbẹ̀, ìwé Áfíríkà ló kún inú rẹ̀. Margaret Thompson Drewal, tó ṣèwádìí lórí ètùtù àti ọdún Yorùbá, kọ́ni níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i wọ̀, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá padà wá síbí wáṣẹ́, wọ́n á bi yín pé ẹ̀ka wo lẹ ti wá. Ẹ má ṣe ní “gbogbo rẹ̀ náà ni”. Ẹ ní tíátà.

Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kọ ìbéèrè yín sójú ìwé kan péré, kẹ́ ẹ gbé e wá lọ́sàn-án Sátidé. Ìwọ tó ò tíì mọ èyí tó o fẹ́ fi kún un, ìwọ náà máa bọ̀. Mú bírò dání. A ó jọ ka ojú ìwé Clapperton yẹn, a ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn ayaba ti dárin.

Èmi ni,
Bàbá yín, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì