Eérú àti ọ̀dùnkún Kagoshima: lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú wàhálà àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, tí o ní fọ́tò mi ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ. Ó dáa, fìdí mọ́lẹ̀, mo ti dé.

Kagoshima ni ibi tí o rí nínú fọ́tò yẹn. Nínú erékùṣù ńlá mẹ́rin tó para pọ̀ di Japan, Kyushu ló wà nísàlẹ̀ jù, ìsàlẹ̀ Kyushu náà sì ni Kagoshima wà. Láti Fukuoka níbí, shinkansen, ọkọ̀ ojú irin wọn tó ń sáré bí ìjì, ń gbé èèyàn débẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Bí o bá ti wọ ìlú, Sakurajima ni wàá kọ́kọ́ rí: òkè ayọnáyèéfín tó ga tó 1,117 mítà, tó dúró sójú omi níwájú ìlú gan-an, tó ń rú èéfín láìbìkítà fún ẹnikẹ́ni.

Èéfín yẹn kọ́ ni ìyọnu, eérú ni. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ìgboro, eérú dúdú á máa rọ̀ sórí mọ́tò, sórí agboorùn, sínú irun. Mò ń jẹun lọ́wọ́, eyín mi ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ó ti mọ́ àwọn onílẹ̀ lára. Lórí tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n bá ti sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, wọ́n á tún sọ ibi tí afẹ́fẹ́ orí Sakurajima ń fẹ́ sí, kí kálukú lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun sá aṣọ. Ìjọba ìlú ń pín àpò ọ̀rá aláwọ̀ yẹ́lò fún wọn, wọ́n á gbá eérú iwájú ilé sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e síbi tí ọkọ̀ á ti wá kó o. Àní mo rí ibojì tí wọ́n kan òrùlé lé lórí nítorí eérú!

Ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀ lọ síbi òkè náà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni, tọ̀sán-tòru ló sì ń ná ojú omi yẹn. Erékùṣù gidi ni Sakurajima tẹ́lẹ̀. Nígbà tó bú lọ́dún 1914, àpáta yíyọ́ ṣàn títí tó fi dí omi apá ìlà-oòrùn rẹ̀ pa, ló bá so mọ́ ilẹ̀. Ní Kurokami, àdúgbò kan lẹ́sẹ̀ òkè náà, ẹnu ọ̀nà ojúbọ kan wà tó ga tó mítà 3 nígbà náà. Orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta lónìí. Wọn ò hú u, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fojú ara wọn rí i. Mo dúró tì í, ìdábùú òkè rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbàdí mi lọ.

Òkè tó ń dà wọ́n láàmú yìí náà ló ń bọ́ wọn, ọ̀rẹ́ mi. Ilẹ̀ tí eérú àtayébáyé tò jọ kì í gba omi dúró, ìrẹsì kì í fẹ́ ṣe dáadáa níbẹ̀. Ọ̀dùnkún ló bá a mu. Wọ́n ní atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Maeda Riemon ló gbé e wá lọ́dún 1705 láti Ryukyu, tó di Okinawa lónìí. Nígbà tí ìyàn mú lọ́dún 1732, ọ̀dùnkún ló kó àwọn ará ibẹ̀ yọ. Òun náà ni wọ́n fi ń pọn ọtí shochu, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná là, òun náà ni wọ́n sì fi ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ dúdú wọn. Má ka ibí yìí sí Alhaji létí o: wọ́n yí ẹran náà nínú búrẹ́dì rírún, wọ́n dín in, ara rẹ̀ ń ró kàràkàrà, ọ̀rá rẹ̀ ń yọ́ lẹ́nu, kò sì súni. Mo tún bu sí i.

Adìyẹ tútù ni mi ò lè fọwọ́ kàn. Wọ́n ń fi iná ra awọ rẹ̀ díẹ̀, inú rẹ̀ ṣì pọ́n, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Mo ní ẹ ṣeun, mo gbá àwo ẹja lílọ̀ tí wọ́n dín mọ́ra.

Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú, karukan ni mo fẹ́ kí o tọ́ wò. Iṣu ni wọ́n rin, bí ẹ ṣe ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ gẹ́lẹ́, àmọ́ ṣúgà àti ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n pò mọ́ ọn, wọ́n á wá fi ooru omi sè é títí á fi funfun, tó sì rọ̀. Iṣu pẹ̀lú ṣúgà! Inú mi kọ́kọ́ ń kọ̀ ọ́, àmọ́ kí n tó débi ọkọ̀, páálí ti ṣófo.

Mo dé Ibusuki náà, níbi tí wọ́n ti ń ri èèyàn mọ́ iyanrìn etí òkun. Omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ló ń mú iyanrìn náà gbóná. Wọ́n fún mi ní aṣọ òwú fẹ́lẹ́, mo sùn gbalaja, ìyá kan mú ṣọ́bìrì, ó ń da iyanrìn lé mi títí ó fi kan ọrùn. Ó wúwo o! Gbogbo ara mi ń lù kìkì, òógùn ń ṣàn wọ ojú mi, mi ò lè yọ ọwọ́ nù ún. Ìyá náà rí i, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún fún mi bí ẹni pé ọmọ òun ni mí. Ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n ní kéèyàn lò. Ẹ̀yìn tó ti ń dùn mí láti ọjọ́ yìí fúyẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọ àǹtí mi ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀, màá fi karukan rán an sí yín. Jọ̀ọ́, bí ó bá ń padà, fún un ní èlùbọ́ àti ìrú gbígbẹ. Dì wọ́n dáadáa, kí òórùn má fa ẹjọ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Kí Alhaji fún mi, sì pe mí lọ́jọ́ Sátidé, mi ò ní lọ síbi iṣẹ́.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́