Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ìdí Kóńgò: Lẹ́tà Sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tó Fẹ́ Ṣèwádìí Ọ̀rọ̀ Ajé

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ìwé, ẹ kú ìnáwó. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Yábàá ti ń wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ kan náà: "Màmá, mo fẹ́ ka másítáàsì nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé àti ìṣúná owó, èyí tí ìwádìí pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí lẹ rí sí i?" Ẹnu ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ ilé mi.

Bó bá jẹ́ pé torí iṣẹ́ kò tíì yọjú lẹ ṣe fẹ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún un. Másítáàsì mìíràn wà tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ báǹkì, ẹ lọ síbẹ̀. Ní ti ìwádìí, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ máa gbé pọ̀n fún oṣù gbọọrọ. Ẹ ó máa bá a jí, ẹ ó máa bá a sùn. Bí ìbéèrè náà kò bá dùn mọ́ yín, á sú yín kó tó dójú ẹ̀.

Nígbà tèmi, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, iye owó gààrí ni mo gbé pọ̀n. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń wọ ọjà Òyìngbò pẹ̀lú ìwé pélébé kan. N ó bi àwọn ìyá onígààrí léèrè iye tí kóńgò kan jẹ́, n ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe é. Odidi oṣù méjì nínú rẹ̀ ni owó kò fi sún rárá, inú mi dùn, mo sì ti kọ ọ́ pé ọjà gààrí ti fara balẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo lọ ra èyí tá a máa fi tẹbà lálẹ́. Ìyá tí mo fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀ da kóńgò dé láti gbọn eruku inú rẹ̀ nù, mo bá rí ìdí rẹ̀. Wọ́n ti fi òòlù lù ú wọnú, àfi bí ẹni da àwo kékeré dé sínú rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ìgbà wo ni kóńgò yín ti rí báyìí?"

Ó ní, "Ọmọ mi, ìgbà tí gààrí ti wọ́n ni. Bí mo bá fowó lé e, oníbàárà á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì."

Mo jókòó sórí àpò ẹlẹ́wà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú mi. Owó dúró lójú kan, kóńgò ló ń kéré sí i. Láti oṣù wọ̀nyí wá, alábòójútó iṣẹ́ mi kò bi mí rí pé kí ni wọ́n fi ń wọn gààrí náà, èmi náà kò sì bi ara mi. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ru ìwọ̀n lọ sọ́jà, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kóńgò ìjọba náà máa ń yí padà, ọmọ mi. Fún oṣù Kejìlá ọdún 2024, NBS, àjọ ìjọba tó ń ka iye nǹkan ní Nàìjíríà, kéde pé ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n ní 24.48. Ta ló rí i lọ́jà pé nǹkan rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan? Àjọ náà kò parọ́ o. Wọ́n sọ ọ́ síta pé àwọn ti gbé ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò, ìyẹn ọdún tí wọ́n ń fi iye owó ọjà wé, kúrò ní 2009 wá sí 2024, àti pé ìpín tí oúnjẹ ń kó nínú ìṣirò náà ti dín kù. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ohun tá à ń náwó lé lórí nígbà yẹn kọ́ là ń náwó lé lórí báyìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá da nọ́ńbà méjèèjì pọ̀ sínú kọ̀ǹpútà láì ka àlàyé tó wà lábẹ́ wọn, ọ̀fìn Òyìngbò tèmi yẹn ló jìn sí.

Wọ́n máa ń ní ọjà Òyìngbò ò mọ̀ pé ẹnìkan ò wá. Olùṣèwádìí gbọ́dọ̀ mọ̀. Ká ní ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń mú báǹkì jèrè láti ọdún 2000, tẹ́ ẹ wá kó ìwé owó àwọn báǹkì tó wà ní Marina àti Broad Street lónìí jọ. Àwọn tó yè nìkan lẹ bá sọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí CBN, ìyẹn báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, lábẹ́ Soludo tó jẹ́ gómìnà rẹ̀, ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìdókòòwò tí kò dín sí bílíọ̀nù 25 náírà, báǹkì 89 di 25 ní ìparí 2005. Ẹ wá ìwé àwọn tí kò sí mọ́ náà rí, kódà bó bá gba pé kẹ́ ẹ máa ṣí ìwé ìròyìn àtijọ́ lójú ewé lójú ewé. CBN tún gbé irú ètò yìí dìde ní 2024: bílíọ̀nù 500 náírà fún báǹkì tó ń ṣòwò kọjá Nàìjíríà, gbèdéke rẹ̀ sì ni ìparí oṣù Kẹta ọdún 2026. Àkòrí tó dáa nìyẹn fún ẹni tó bá ń wá.

Ìṣirò kò ní fojú fo ẹnikẹ́ni. Ẹ ti máa tún calculus àti statistics kà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, torí econometrics, ìyẹn fífi ìṣirò yẹ dátà ọrọ̀ ajé wò, kì í dúró de èèyàn. Ẹ má torí owó Stata, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò dátà, sunkún; ọ̀fẹ́ ni R tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ṣómólú kò jìnnà sí Akọka, níbi tí Yunifásítì Èkó wà, ẹ sì mọ ìtàn Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó ń gba àjọ láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó san. Orí tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tẹ́ ẹ gba dátà, ibi tẹ́ ẹ ti gbà á, ìlà tẹ́ ẹ yọ kúrò àti ìdí tẹ́ ẹ fi yọ ọ́.

Ẹni tó bá ti ní àkòrí lọ́wọ́, tó fẹ́ ká jọ wò ó, kó wá ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn tí mo bá ti ọjà dé.

Èmi ni,
Màmá yín ní Yábàá.