Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọtí sílẹ̀

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, o kú ìforítì. Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù ju ohun tí èèyàn ń fi ìṣẹ́jú méjì dáhùn lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí. O ní ṣé bí ọkàn rẹ á ṣe máa fà sí ọtí títí ayé nìyí. Rárá o. Ó máa ń tán. Èyí tó bá dé lálẹ́ òní, alẹ́ òní náà ló máa tán, yálà o mu tàbí o ò mu. Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Kí n tó lọ jìnnà, o ní ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń mu fẹ́ jáwọ́ bíi tìrẹ, pé ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́rí kó sì fara dà á. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ewu ń bẹ fún ẹni tó ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ tó wá dá a dúró lójijì. Ọtí máa ń mú kí ọpọlọ rọ̀ wọ̀ọ̀, ọpọlọ náà á wá máa ta kú kó má bàa sùn lọ. Bí ọtí bá wá kúrò ńlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohun tó máa di ọpọlọ náà mú mọ́. Láàárín wákàtí 6 sí 24, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa já, oorun á dá lójú rẹ̀. Gìrì lè gbé e kí ọjọ́ méjì tó pé. Láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin, àwọn kan máa ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara wọn á gbóná, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, èyí sì lè pa èèyàn. Oògùn wà nílé ìwòsàn tí wọ́n fi ń bá ẹni bẹ́ẹ̀ gba ọjọ́ wọ̀nyẹn kọjá. Ilé ìwòsàn ni ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀, inú mi sì dùn gan-an pé o gbà láti lọ.

Tìrẹ ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ara ti balẹ̀, ọkàn ló ṣẹ́ kù.

Ọpọlọ rẹ ti so ọtí mọ́ oríṣiríṣi nǹkan: wákàtí tí o máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, àga kan báyìí, ìró ìdérí igo, ohùn ẹnì kan, owó oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀, ìdùnnú náà wà níbẹ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti yọjú, ọpọlọ á ti máa retí ọtí kí ìwọ alára tó ronú kan ohunkóhun. Nítorí náà, má tìtorí pé ó wù ọ́ máa bú ara rẹ. Ẹni tó wù tí kò mu kò ṣe ohun tó burú kankan.

Nígbà tó bá tún dé, wò ó fínnífínní. Tèmi tí èmi náà ti fi ọtí sílẹ̀, ẹnu ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Itọ́ á sun sẹ́nu mi, ọ̀nà ọ̀fun á máa yún mí, nǹkan á wá fún mi láyà pinpin, ọwọ́ ọ̀tún mi á máa wá ohun tó máa dì mú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú orí. Kò jẹ́ sọ pé kí n lọ mu yó. Á ní, “Ife kan péré.” Á ní, “O ti gbìyànjú, sinmi díẹ̀.” Á ní, “Ta ló máa mọ̀?” Ohùn èmi gan-an ló máa ń yá lò, òun ló jẹ́ kó máa dà bí òótọ́ létí mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti wà rí ní Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà, G. Alan Marlatt lorúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọtí ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí. Ó kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má bá ìyánhànhàn yìí jà, kí wọ́n má sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kí wọ́n kàn máa ṣọ́ ọ ni. Ó fi wé ìgbì òkun: á ga, á ga sí i, á dé góńgó, á sì wó. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ohun tó ń tàn wá jẹ ni pé nígbà tó bá wà ní góńgó, á dà bíi pé bí yóò ṣe máa ga lọ nìyẹn títí tí a ó fi mu. Ẹni tó bá sì ti mu nígbà yẹn kò ní mọ̀ láé pé ó kù díẹ̀ kó rọlẹ̀.

Má wulẹ̀ sọ pé o ò ní ronú kàn án. Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà èèyàn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lọ́dún 1987: wọ́n ní káwọn èèyàn má ronú nípa béárì funfun, béárì funfun ọ̀hún ò sì kúrò lọ́kàn wọn. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń là á sọ, ketekete, bí mo bá dá wà: “Ó ti dé. Àyà mi ló wà. Ó ń le sí i. Ó ti ń rọ̀.” Wo aago, kí o sì sọ fún ara rẹ pé o ò ní pinnu nǹkan kan kó tó di ìdajì wákàtí. Má búra fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ó máa ń wúwo jù. Ìdajì wákàtí tó.

Láàárín ìdajì wákàtí yẹn, dìde kúrò níbi tí o wà. Lọ wẹ̀. Rìn, kí o sì gba ọ̀nà tí kò kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, jẹun. Ebi máa ń wọ aṣọ òǹgbẹ ọtí wá sọ́dọ̀ wa, ìbínú, àdáwà àti àárẹ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bi ara rẹ léèrè èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣe ọ́, kí o wá ojútùú sí ìyẹn ná. Bí ohun dídùn bá ń wù ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́. Jẹ ẹ́, ìjà kan tó lẹ́ẹ̀kan. Oorun ńkọ́? Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gún régé. Ní sùúrù fún un.

Kí o sì pè mí. Mo mọ̀ pé o máa ń rò pé o ń yọ mí lẹ́nu, torí náà jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Wilson dúró sí iwájú ilé ọtí inú òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Òwò tó bá débẹ̀ ti dàrú, kò tíì pẹ́ tó jáwọ́ nínú ọtí, ó sì ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó wà nínú ilé ọtí náà. Ìdí fóònù ló gbà lọ. Ó ń pe àwọn èèyàn níkọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ látorí oníwàásù kan nínú ìlú náà, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi mú un mọ dókítà kan, Bob Smith, tí ọtí ti ń dà láàmú tipẹ́. Ìṣẹ́jú 15 ni dókítà yìí ní òun máa lò. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ ni Alcoholics Anonymous ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí.

Wo ohun tí ọkùnrin yẹn ń wá: ọ̀mùtí míì tí òun lè ràn lọ́wọ́ ló ń wá, kí òun fúnra rẹ̀ má bàa mu. Nítorí náà, tí o bá pè mí, ò ń ran èmi náà lọ́wọ́. Má kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ o, pè mí kí a gbọ́ ohùn ara wa.

Ọ̀rọ̀ oògùn. Bi dókítà rẹ léèrè nípa naltrexone àti acamprosate. Àwọn méjèèjì máa ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ láti má padà sídìí ọtí, àmọ́ jẹ́ kó mọ̀ bí o bá ń lo oògùn ìrora tó lágbára tàbí bí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín rẹ bá ní ìṣòro. Disulfiram tún wà, ìyẹn máa ń mú kí inú ru ẹni tó bá mutí lé e lórí, kí àyà rẹ̀ sì máa lù kìkì. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá lò láìsí dókítà. Àwọn kan á sọ fún ọ pé ẹni tó lo oògùn kò tíì fi ọtí sílẹ̀ ní tòótọ́. Mi ò gbà fún wọn, kí ìwọ náà má gbà.

Tí o bá wá mu ńkọ́? Mo gbàdúrà kó má ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn tó padà borí rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ohun tó ń sọ ife kan di ọ̀sẹ̀ kan ni èrò pé “ó kúkú ti bàjẹ́ ná.” Kò tíì bàjẹ́. Da èyí tó kù nù, kúrò níbẹ̀, pè mí ní wákàtí yẹn gan-an. Mi ò ní bá ọ wí. Sì rántí pé ara rẹ kò lágbára ọtí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n tí o máa ń mu tẹ́lẹ̀ lè ṣe ọ́ léṣe báyìí.

Fóònù mi kì í kú lóru. Tí mi ò bá tètè gbé e, tún un pè. Fi ọjọ́ tí dókítà ní kí o padà wá ránṣẹ́ sí mi, kí n lè tọrọ àyè níbi iṣẹ́, kí a jọ lọ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ