Lẹ́tà sí Àǹtí mi, nítorí orin tí Màmá pa

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mọ́tò Ṣàgámù ni mo wọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀ àná. A ò tíì dé Odògbólú tí dẹ́rẹ́bà fi orin àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá sí i. Kí agídìgbo tó dún lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn gàrí ti gba imú mi, nínú mọ́tò tó ń rùn fún bẹntiróòlù! Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ojú ń dùn mí. Mo ní eruku ni.

Ẹ rántí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó: Màmá lórí àpótí, igbá lọ́wọ́, agbada lórí ààrò, rédíò lórí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ṣe ń lọ ni igbá ń ha agbada. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé gàrí tí Màmá bá fi wákà yan kì í kúná tó ti àpàlà. Irọ́ ni, àmọ́ mo ṣì gbà á gbọ́.

Ọjọ́ kan ni kò kúrò lọ́kàn mi. Orin ò tíì dé ìdajì tí Màmá nawọ́ pa á. Kò sọ̀rọ̀. Gàrí agbada yẹn jóná, Màmá tí kì í jẹ́ kí gàrí pọ́n! N ò gbọ́ orin nílé wa mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé torí ikú Hárúnà ni, ṣùgbọ́n 1983 lọkùnrin náà kú, 1985 sì lèyí, mo ti wà ní pírámárì kẹta. Ẹ̀yin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé kan wà lọ́wọ́ yín. Mo bi yín, ẹ ní ọmọdé ni mí. Lọ́jọ́ ìsìnkú Màmá, ẹ ní n jẹ́ kí òkú sinmi. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ kó kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dà nù, ẹ ò tilẹ̀ bi mí. Àǹtí mi, ìyẹn dùn mí.

Mo ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa fún mi níwèé pé n má wá síbi iṣẹ́ mọ́. N ò tíì sọ fún ìyàwó mi. Mo ṣì ń wọṣọ jáde láràárọ̀, mò ń wọ mọ́tò kiri. Ìwé náà wà lápò mi, mo ká a sí mẹ́rin. Lálẹ́ àná, ọmọ mi obìnrin tan orin, mo ní kó pa á. Ó kàn ń wò mí.

Kí ló wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ yẹn?

Èmi àbúrò yín.